Igbe Inú Kùrukùru Odò Sorrel

Ní àwọn ọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí, ọtí líle ni Orval Stidham ń fi àgbàdo sè ní àfonífojì Odò Sorrel, láàárín àwọn òkè Kẹ́ńtọ́kì.

Kí ẹsẹ̀ má baà dé ibùba rẹ̀, ó di ìtàn àtijọ́ kan mú: opó kan, tí odò gbé ọkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú gẹdú, ṣì ń sunkún létí omi bí kùrukùru bá bo ilẹ̀. Orval fi tirẹ̀ kún un.

“Orúkọ yín ló máa pè o! Ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló sì máa fi pè yín. Ẹni tó bá dá a lóhùn, ó parí fún un.”

Àwọn ará àfonífojì gbà á gbọ́. Orval ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Enos Birchfield, tí òun àti Orval jọ ń mutí kí Enos tó gba Jésù, bẹ̀ ẹ́ títí. “Orval, fiṣẹ́ yìí sílẹ̀. Inú rédíétọ̀ mọ́tò lo ti ń mú kí ọtí yẹn tutù; òjé inú rẹ̀, májèlé ni.”

“Ẹ gbọ́ wòlíì! Àbúrò mi Lonzo ń mu ún lójoojúmọ́, ṣé ó ti kú ni?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, kùrukùru bo odò. Búrẹ́dì àgbàdo ṣì wà lẹ́nu Orval nígbà tó gbọ́ igbe.

“Orval! Orval o! Wá fà mí lọ́wọ́!”

Ohùn náà há, ó sì jọ ti Lonzo. Jìnnìjìnnì bo Orval. Irọ́ tó ti ń pa láti ọdún mẹ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́ láìmọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì di etí. Aládùúgbò kankan kò jáde. Igbe náà pẹ́ kí ó tó dákẹ́.

Enos ló rí òkú Lonzo, níbi tí omi kò ju orúnkún lọ.

“Ọtí yẹn ló fọ́ Lonzo lójú,” ni ó sọ fún Orval. “Ìyàwó rẹ̀ lọ wá ìbaaka tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò lè dúró dè é. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń fọwọ́ táràrà bọ̀ kó tó ṣubú sódò.”

Wọ́n sin ín tán, Orval kò kúrò nídìí sàréè.

“Enos, ó pè mí. Mo sì tilẹ̀kùn. Ta ló máa wá gbọ́ tèmi?”

“Jésù á gbọ́. Kò tíì tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ké pè é rí.”

Orval kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run dárí jì í. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ òtítọ́. Àwọn kan tutọ́ sí i lára. Opó Lonzo kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí obìnrin náà fi kú.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má tan ara rẹ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ Orval mọ́, ṣùgbọ́n Lonzo ṣì wà nínú ilẹ̀. Orval ì bá ti ronú pìwà dà lọ́jọ́ tí Enos kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣì ń ríran. Ta ni ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ń pa díẹ̀díẹ̀ nínú ilé rẹ báyìí? Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tí o wà yìí, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè láti gbọ́ pé o ti yí padà.