Ìlà Ìjúbà Nídìí Igbá

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ Atúdìí-ọnà ní Òkè-Òṣùpá, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òṣùpá, gbogbo igbá fínfín tó wà nínú gbọ̀ngàn ló pọ́n nídìí bíi pé wọ́n ti ìdí wọn bọ epo. Àwọn afíngbá wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni.

Kò bàjẹ́ rárá. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáníyì tìtorí rẹ̀ ṣe é ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọnà síwájú rẹ̀, á fi wé gbogbo ọnà tí ọmọ aráyé ti ṣe rí. Ìlà tí ẹnìkan bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, iná pupa á tàn sórí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, iná funfun ni tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú sì ti ní igbá tó bá funfun látòkè délẹ̀ nìkan ni wọn yóò gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Ayé Tuntun.

Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò rò ni ìlà ìjúbà. Afíngbá Òkè-Òṣùpá kì í gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ láìfín ìlà ọ̀gá rẹ̀ kan sí ìdí igbá. Bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá nìyẹn.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ̀yin àgbà," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Kí aráyé lè mọ̀ pé tiyín ni."

Bàbá Ọnàdípẹ̀, olórí àwọn afíngbá, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń wo igbá, mi orí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹni tó kọ́ mi, òun náà rí ẹni kọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀bẹ̀."

"Ta ló fẹ́ bẹ̀ ẹ́?"

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín, àfi Ìbídùn. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá ni. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo igbá tó bá fín, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ náà ni pé, "Ẹ ò rí ọwọ́ Bàbá!" Ó ti sú u. Ó fẹ́ kí wọ́n pe iṣẹ́ òun ní iṣẹ́ òun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ó lọ sí ilé dígí tí wọ́n ti ń gbin igbá, ó já ọ̀kan tó gbó dáadáa. Ó fín eruku òṣùpá bó ti ń rọra balẹ̀, ó fín ipa táyà àwọn ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, ó fín ayé bó ṣe dá dúró lójú òfurufú. Nígbà tó yí ìdí igbá sókè, ó fẹ́ fín ìlà Bàbá sí i, kò fín in. Ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lásán.

Wọ́n gbé e síwájú Atúdìí-ọnà. Funfun báláú! Ariwo sọ, gbọ̀ngàn mì tìtì. Inú Ìbídùn dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ balẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó kéde orúkọ ẹni tó fín in, wọ́n gbé igbá náà fún Bàbá kó fọwọ́ wò ó.

Bàbá fọwọ́ pa á láti ẹnu, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ó dára o! Ọwọ́ yìí mọ́!" Ìka rẹ̀ dé ìdí igbá. Ó wá ìlà ìjúbà títí, ó tún un wá. "Ó mà ṣe o, kò ní ọ̀gá. Ta ni onítọ̀hún? Ẹ bá mi wá Ìbídùn mi, kó wá wo nǹkan àrà."

Iwájú rẹ̀ gan-an ni Ìbídùn dúró sí.

"Bàbá mi," ó wí, omijé ti gbà á lójú, "èmi náà ni."

Bàbá dá igbá náà padà fún un. Ìyẹn ló dun ọmọ náà jù. Ó kúnlẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó yí igbá dojú dé.

"Má dán an wò!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ké. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra!"

Ọ̀bẹ ti wọlé. Iná pupa tàn, ẹ̀rọ sì wí pé, "Ọnàdípẹ̀."

Bàbá gba igbá, ó fọwọ́ kan ìlà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Tèmi kì í ká báyìí lẹ́yìn. O ṣẹ́ ẹ kọ́ bí ìrù ológbò."

"Ọ̀bẹ ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, Bàbá."

"Ó kúkú dára ju tèmi lọ. Màá jí i!"

Ọkọ̀ gbéra, òfìfo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìbídùn dúró wò ó títí iná ìdí rẹ̀ fi pòórá. Ó dùn ún, kò purọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dé Ayé Tuntun.

Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n tún tan Atúdìí-ọnà. Bàbá gbé igbá tuntun wá. Ìdí rẹ̀ pọ́n yòò, ojú méjì ni iná ọ̀hún sì ti tàn. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀gá Bàbá tó ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà ó dé orí ìlà tó kọ́ bí ìrù ológbò, ó wí pé, "Ìlà kejì, Ìbídùn ló ni ín."

"Ọwọ́ ti tẹ̀ mí o!" Bàbá pariwo, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí olè tí wọ́n fẹ́ dè. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìbídùn sáré wá kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà. Bàbá wá apá rẹ̀ kàn, ó fà á dìde.

"Dìde," ó wí, "ọ̀gá mi."