Ẹ̀pà Tí Kò Gbé Nǹkan Sídìí

Sàlàhúdíìnì kò ṣàìsàn rárá. Àárín ẹ̀pà ló wà, ọkọ́ lọ́wọ́, tó fi ṣubú lulẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ní Láfẹ́nwá, ó ti kú. Irú ikú wo nìyẹn?

Láti ọjọ́ náà ni Rodiat, ìyàwó rẹ̀, ti ń wá ẹni tó pa á. Kò wá a jìnnà. Ṣùkúrátù, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Koríko kún inú ẹ̀pà arúgbó náà, síbẹ̀ ó ń so wọ̀ǹtì-wọnti. Ti Rodiat mọ́ tónítóní, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ bó bá hú u, gbòǹgbò lásán ni. Ọdún kejì rèé. Ní kùtùkùtù, nígbà tí àparò bá ń ké, ó máa ń rí Ṣùkúrátù lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ẹ̀pà, tẹ́nu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀pà wa ló ń pè lọ sóko ẹ̀. Àjẹ́ ni." Gbogbo abúlé ni Rodiat sọ ọ́ fún.

Bándélé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pe ẹbí jọ. "Màmá, ẹ jẹ́wọ́, àbí kẹ́ ẹ kẹ́rù yín kúrò nílé yìí."

Rodiat ni arúgbó náà kọjú sí. "Ìyàwó mi, ìgbà wo lo roko kẹ́yìn?"

"Ẹ má pè mí níyàwó yín! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ro ó. Ó ti tanná tán kí n tó ro ìkẹta. Èmi kì í ṣọ̀lẹ!"

"Ó tanná tán, o wá gbé ọkọ́ tì í? Háà! Ẹ jẹ́ ká lọ sóko."

Ṣùkúrátù wa ìdí ẹ̀pà tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Okùn tín-ín-rín kan ti ibi tí òdòdó ti rẹ̀ wọlẹ̀, ẹ̀pà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wa ti Rodiat. Okùn tirẹ̀ ti já, ó ti dúdú.

"Èyí ló ń dọmọ. Ọkọ́ ló gé e. Tó bá ti tanná, ọwọ́ la fi ń tu koríko rẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ tu ú ni, orúnkún tó ń dùn mí ni mo sì ń kùn sí."

Rodiat hú bíi mẹ́ta sí i. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

"Ta ló wá pa àbúrò mi?" Bándélé béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn dúdú náà wò, ó sì ní kí màmá má kẹ́rù lọ mọ́.

Ṣùkúrátù já ẹ̀pà tútù méjì, ó nà án sí Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Rodiat fà lọ́wọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́.

Rodiat mọ̀ dájú pé obìnrin náà kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, kó tó rò ó, ó ti fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣùkúrátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ju ẹ̀pà náà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́," ló wí.