Lẹ́ẹ̀mẹta Lórí Ẹsẹ̀ Mi

Pẹ́dà máṣíìnì mi gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ránṣọ láti àárọ̀. Kì í ṣe gbígbóná iná mànàmáná. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń ránṣọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́ bí máṣíìnì ṣe ń sáré, ojú kàn ń wòran ni. Màámi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ṣàgámù, kí n tó wá sí Whalley Range nílùú òyìnbó níbí, níbi tí òtútù ti ń bù mí ní ìka ẹsẹ̀ jẹ. Ọdún tó kọjá la sin wọ́n. Mo gé ìró wọn mẹ́fà sí wẹ́wẹ́, mo ń rán an pọ̀, mo ń fi òwú sáàárín, kó lè di kúbùsù alábùlẹ̀ fún ọmọ tí àbúrò mi, Àánúolúwa, fẹ́ bí. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ Àánú lára. Ẹ̀kẹta yìí ti wọ oṣù kẹsàn-án, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ mi torí Aberdeen ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù oyún náà ń bà mí ju òun alára lọ.

Mo jókòó, mo tẹ pẹ́dà. Ohun kan kàn mí lórí ẹsẹ̀. Ó tutù, ó sì rọ̀. Mo bẹ abẹ́ tábìlì wò, kápẹ́ẹ̀tì àti èérún òwú nìkan ni mo rí.

Èmi kì í ṣe ọmọdé nínú ìjọ. Mo dìde fùú, mo de ẹ̀mí yòówù kó jẹ́, mo lé e padà síbi tó ti wá. Mo wá lọ wọ bàtà iṣẹ́ mi, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Lóòótọ́, kò sí ohun tó tún kàn mí. Àmọ́ ìlà tí mo ń rán ń wọ́ kiri bí ejò. Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta, inú bí mi, mo bọ́ bàtà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fi píìnì há ẹnu, mo gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà. Ó tún dé. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan gbá mi lórí ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Píìnì ẹnu mi ló rán mi létí. Bí Màámi bá ń ránṣọ, píìnì kì í kúrò lẹ́nu wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rán mi níṣẹ́ bí mo bá jókòó sábẹ́ máṣíìnì. Bí wọ́n bá gbá mi lẹ́ẹ̀kan, kí n mú sísọ́ọ̀sì wá. Lẹ́ẹ̀mejì, òwú ni. Lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lọ wo ọmọ.

Àánúolúwa ni ọmọ ìgbà yẹn.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Àánú dùbúlẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Ọmọ ńkọ́?" mo bi í.

"Ó ń sùn ni, Àǹtí Fúnmi."

"Ìgbà wo ló ta ẹsẹ̀ kẹ́yìn?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Àná, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mi ò kàn fẹ́ worry yín ni. Appointment mi di Thursday."

"Dìde. Mo ti ń pe taxi."

Ní hospital, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀. Dókítà wo ojú nọ́ọ̀sì, kíá ni wọ́n tì í lọ fún iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mi ò wọ bàtà. Mo rántí bí mo ṣe lé ìyá mi bí ẹni lé adìẹ, ojú tì mí. Mo ń bẹ Ọlọ́run ṣáá pé kí n gbóhùn ìyá, kí n gbóhùn ọmọ.

Ohùn ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó yá, Àánú ń béèrè mi. Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Chloe sọ fún mi pé okùn ìwọ́ ló lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, pé ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ara tù mí débi pé mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo padà sídìí kúbùsù náà, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ má bínú," mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Obìnrin ni. Ó jọ yín."

Mo rán ìlà tó kẹ́yìn, ó tọ́ gbọnrangandan. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, wọ́n gbá mi, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo dijú, mo na sísọ́ọ̀sì sísàlẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.