Ilé Nìkan Ni, Ilẹ̀ Ṣì Jẹ́ Tiyín

Inú ṣì ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn yìí kí àwọn èèyàn wa tó nílé ní New York lè gbọ́. Mo gbà, àmọ́ mi ò ní fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Rùkáyàt lorúkọ mi. Àdúgbò Castle Hill ní New York níbí ni mò ń gbé, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Àbúrò mi, Babátúndé, ọmọ ìyá mi, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, òun àti Suwarti ìyàwó rẹ̀. Babátúndé ń wa táásì. Ọmọ Indonéṣíà ni ìyàwó wa, láti abúlé kékeré kan láàárín oko ìrẹsì ní erékùṣù Java. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti pàdé. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, láti inú yàrá kejì ni yóò ti dá mi lóhùn.

Wọ́n ra ilé bíríkì kan sí àdúgbò Cambria Heights. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rà á, torí ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé.

Ní abúlé Suwarti, igi tíìkì ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àtijọ́, irú igi tó pọ̀ nínú igbó Olókemejì lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í kàn án níṣòó. Ńṣe ni wọ́n ń ti orí igi bọ inú ihò igi. Nítorí náà, èèyàn lè tú odidi ilé kó sì tà á, kí ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá Suwarti kú, ìyá rẹ̀ ta ilé iwájú. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló péjọ tú u. Wọ́n ṣí amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo orí rẹ̀, wọ́n yọ òpó, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn obìnrin sì ń se ìrẹsì fún wọn. Ẹni tó rà á gbé ilé lọ. Ilẹ̀ ò lọ síbì kankan, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn tó wà lórí rẹ̀. Ìyá kó sínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Owó ilé yẹn ni wọ́n fi kún ti Babátúndé tí wọ́n fi ra ti ibí.

Ọdún tó kọjá, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo lọ kí wọn láàárọ̀ Sátidé kan, mo bá garawa láàárín pálọ̀, omi ń kán sínú rẹ̀, Babátúndé sì jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ òrùlé ti tán.

Ó ní òun pàdé ọmọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, Kúnmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní ilé iṣẹ́ òun yóò tún òrùlé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan tí wọ́n kàn fẹ́ ni kí Babátúndé fi ilé sí orúkọ àwọn fún ìgbà díẹ̀, kí báńkì lè yọ owó iṣẹ́ jáde. Tí iṣẹ́ bá parí, wọn á dá a padà. Àbúrò mi bi í pé ilẹ̀ ńkọ́. Ó sì dáhùn pé, “Ilé nìkan ni, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín.”

Ẹ wo bí ó ṣe bọ́ sí i létí. Orí ilẹ̀ ẹbí ni bàbá wa kọ́ ilé sí ní Abẹ́òkúta. Ilé jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, kò sì sí ẹni tó lè ta ilẹ̀ yẹn. Ní tìyàwó rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i tí ilé lọ tí ilẹ̀ kù. Àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀rọ̀ náà tọ́.

Babátúndé ti fọwọ́ sí i. Inú mọ́tò ọmọ náà ló ti fọwọ́ sí i, níwájú ẹnì kan tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Ó ku Suwarti, torí orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé. Kúnmi ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an láti wá gba tirẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Suwarti máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ níbi tìyá, ó jókòó nínú ilé ìdáná yẹn. Suwarti fi ìdùnnú ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un. Ìyá béèrè ohun kan, ni Suwarti bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ń béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa wá gbé ilé náà lọ.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Babátúndé ní kó sọ fún Màmá pé bíríkì ni, kò ṣeé tú, kò ṣeé gbé. Suwarti sọ fún un. Ìyá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, mo sì rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó wa.

Mo ní, “Kí ni Màmá wí?”

“Àǹtí, Màmá ní tí àwọn tó fẹ́ gba ilé ò bá lè gbé e lọ, àwa ni wọ́n máa gbé kúrò níbẹ̀.”

Mo pe Démi, lọ́yà tó máa ń wá sí mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn Jímọ̀ láti gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣàlàyé, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún Babátúndé, kí gbogbo wa sì gbọ́.

“Bọ̀dá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Irú ilé tiyín yìí, kò sí ilé lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló kó méjèèjì. Ohun tí ẹ fọwọ́ sí yẹn, ẹ ti fi ìpín tiyín nínú ilé àti ilẹ̀ fún wọn. Kí ìyàwó yín má fọwọ́ sí nǹkan kan o.”

Mo bú Babátúndé. Mo bú u débi pé kò lè gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ibi tó yẹ kí ìbínú mi lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Àjèjì ò lè fi èyí mú wa. Kò sí bí ó ṣe máa sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tí àbúrò mi máa gbà á. Yorùbá ni ẹni ibi yẹn fi sọ ọ́. Ó mọ bí bàbá wa ṣe kọ́lé, ó mọ ohun tí a kà sí ilé àti ohun tí a kà sí ilẹ̀, ó sì jókòó ronú bí yóò ṣe fi ìyẹn jà wá lólè. Ó tún wá dọ̀bálẹ̀ lé e.

Ọ̀sán pọ́n, ó dé. Bó ṣe rí mi ló ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde dúró. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ Suwarti dì mí lọ́wọ́ mú. Ó bọ́ síwájú.

Ó ní, “Bọ̀dá Kúnmi, ọjọ́ wo lẹ máa wá gbé e?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Gbé kí ni, ìyàwó wa?”

“Ilé. Ẹ ní ilé nìkan ni, ilẹ̀ jẹ́ tiwa. Lábúlé wa, ẹni tó bá gba ilé, á gbé e lọ, á fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún onílẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ máa gbé tiyín?”

Ọmọ náà wo Babátúndé. Ni ọ̀gbẹ́ni bá yí sí gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìwé ni ìwé, ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, wọn á pàdé ní kóòtù. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbọ́n mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní ìyàwó wa. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kóòtù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ náà ń sọ pé ìpín Babátúndé ti di tàwọn, Démi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń jà kí wọ́n fagi lé e. Òrùlé ṣì ń jò. Ìyá Suwarti kì í béèrè ọ̀rọ̀ òrùlé. Gbogbo Sátidé ló máa ń ní kí ọmọ òun yí fóònù káàkiri, kí òun lè rí i pé inú ilé yẹn ni wọ́n ṣì wà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ilé yín sí orúkọ òun, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan, ì báà jẹ́ nítorí òrùlé, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ìwé lọ bá lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú wá bá yín. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú New York, kí ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tí ẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́ lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún béèrè bí ìjọba ìlú ṣe máa ń ta yín lólobó tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé kan lọ sọ́dọ̀ wọn lórí ilé yín, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ má tìtorí ìtìjú dákẹ́. Jíjí ilé gbà lọ́wọ́ onílé, ọ̀ràn tó ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ni ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ tètè pariwo. Pàápàá, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi èdè yín dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Bó bá sì sọ pé ilé nìkan lòun fẹ́, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, ẹ bi í ní ìbéèrè ìyá Suwarti. Ọjọ́ wo ló máa wá gbé e? Tó bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ló fẹ́ gbé.