Àwọn Tó Ti Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní irọ́ ni, torí mo mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀, mo sì mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló fà á. Ẹni tó mọ ohun tó fà á kò tíì dé Èbúté Mẹ́ta.

Kíkẹ́lọmọ lorúkọ obìnrin náà. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ níléèwé. Múyìwá ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rélùwéè. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ mọ́tò fi délẹ̀.

Múyìwá fẹ́ mọ́tò kékeré. Àwọn méjì péré ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ́tò ńlá ṣe? Kíkẹ́lọmọ ò gbà.

"Tá a bá wá bímọ ńkọ́? Ṣé orí itan mi ni gbogbo wọn á máa jókòó sí ni?"

"Ṣé wọ́n ti dé ni?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ìjà báyìí, ìyàwó ló máa ń borí. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Jude tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ ní Súrùlérè. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn mú gan-an. Kíkẹ́lọmọ yẹ mọ́tò wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó tẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ọmọ á lè ṣí i látinú. Ó fọwọ́ kan ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń jáde bóyá ó dé ẹ̀yìn. Ó ní awọ ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣeé nù, torí ọmọ á da mílíìkì sí i. Nígbà tó rí aláwọ̀ fàdákà kan tó gba èèyàn méje, méjì níwájú, mẹ́ta láàárín, méjì lẹ́yìn pátápátá, ó pariwo ayọ̀.

Ó wọ àárín rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu àwọn ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ́táyọ̀ á jókòó síbí, lẹ́yìn dádì ẹ̀. Àárín ni Bámidélé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yìí, ti Lucy ni. Lucy ni màmá màmá mi tó tọ́ mi dàgbà ń jẹ́."

Jude bú sẹ́rìn-ín. "Ah, màdáámù! Ẹ ti bí gbogbo wọn tán nìyẹn!"

Múyìwá ò rẹ́rìn-ín. "Kíkẹ́, tí wọ́n bá bí ọmọ, tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìgbà yẹn la máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Mú ẹnu ẹ kúrò níbẹ̀ jàre."

"Ó ti tó, bàbá ìjọ. Eré ni mò ń ṣe."

Eré náà ni. Mo gbà pé eré ni. Wọ́n ra mọ́tò náà, wọ́n sì gbé e wálé.

Kò pẹ́ tí Kíkẹ́lọmọ fi lóyún. Ayọ̀ gba ilé kan. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oyún náà ti wálẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Múyìwá lọ gbé e ní ọsibítù. Ó ràn án lọ́wọ́ kó lè jókòó síwájú. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Tín. Tín. Tín.

Iná pupa kékeré kan tàn níwájú wọn, àwòrán èèyàn tó jókòó, tí bẹ́líìtì dábùú àyà rẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó láìde bẹ́líìtì ni iná yẹn máa ń tàn. Ìjókòó ẹ̀yìn awakọ̀ ló ń tọ́ka sí.

"Ṣé báàgì ẹ ló wà níbẹ̀?"

"Báàgì mi rè é lẹ́sẹ̀ mi."

Múyìwá yíjú padà. Kò sí nǹkan kan lórí ìjókòó náà. Àmọ́ awọ rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, ní ibi kékeré kan, ní àárín gan-an. Ó wò ó títí. Ó kọjú síwájú, ó wa mọ́tò, aago náà sì ń dún títí wọ́n fi délé.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Síkírù, rìwáyà tó máa ń tún wáyà mọ́tò ṣe ní Ládípọ̀. Síkírù ní nǹkan kékeré ni. Ó ní nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ìjókòó, òun ló máa ń mọ̀ bí ẹnì kan bá jókòó lé e, òun ló ń sọ fún iná. Ó tú ìjókòó. Ó fa nǹkan náà yọ tòun ti wáyà rẹ̀, ó gbé e lé Múyìwá lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó parí. Ẹ ṣáná sí i."

Múyìwá yí kọ́kọ́rọ́.

Tín. Tín. Tín.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Síkírù. Ó wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ Múyìwá. Ó wo inú mọ́tò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé e lọ."

"Síkírù, kí ló dé?"

"Ẹ máa gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Bí wọ́n bá pàdé ní Mushin títí dòní, òdìkejì títì ni Síkírù máa ń gbà.

Oyún kejì pé oṣù márùn-ún. Kíkẹ́lọmọ ti ń fọwọ́ ra inú tó bá jókòó, gbogbo èèyàn ti ń kí i. Oyún náà tún wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọsibítù, iná méjì ló tàn. Ti ẹ̀yìn awakọ̀, àti ti àárín.

Múyìwá fi orí lé sítíárìn mọ́tò, ó sunkún bí ọmọdé. Kíkẹ́lọmọ ò sunkún. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wò. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ o. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé inú òun dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, ó kéré tán, wọn ò lọ jìnnà.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń ṣe ohun kan. Bó bá dé láti iléèwé ní ọ̀sán, tí àdúgbò dákẹ́, tí àwọn èèyàn ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, á wọ inú mọ́tò náà níwájú ilé. Á ti ilẹ̀kùn. Á yí kọ́kọ́rọ́. Ooru á bò ó, òógùn á máa ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Iná méjì. Aago á dún títí, á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀. Iná nìkan á kù.

"Táyọ̀, ṣé ooru ò mú yín?"

Á yíjú sí ìjókòó àárín.

"Délé, ṣé o ò bá ẹ̀gbọ́n ẹ jà?"

Ọ̀sán gangan, kò sí ewé tó mì.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ta ló fẹ́ bá mọ́mì wọlé?"

Iná kan kú.

Ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó dúró. Ó na ọwọ́ síwájú. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Kò rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, nǹkan kan ò kan ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó bojú wo iwájú padà, iná náà ti tún tàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó wá sunkún tó ti ń dì mọ́ra láti ọjọ́ yìí.

Oyún kẹta ti wọ oṣù márùn-ún nígbà tí ìyá Múyìwá ti Ìjẹ̀bú-Òde wá tọ́jú wọn. Ọjọ́ Sunday tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá gbọ́ aago náà. Ó ní kí ni. Múyìwá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí eré tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ Jude. Bí wọ́n ṣe délé, Ìyá ní:

"Ẹ ta mọ́tò yẹn."

"Mọ́mì," Kíkẹ́lọmọ ní, "àwọn wo la fẹ́ tà mọ́ ọn?"

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Múyìwá ló sọ̀rọ̀.

"Kíkẹ́, mẹ́ta lo dárúkọ. Ìjókòó kan ló kù. Ṣé o fẹ́ kí èyí tó wà nínú ẹ náà lọ bá wọn ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kíkẹ́lọmọ ò fi jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kí wọ́n tà á. Nítorí ti inú rẹ̀ ló ṣe gbà. Ẹ rò ó wò, kí ìyá máa yan èyí tó máa mú àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkàngbé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Ìjọra, ló rà á. Múyìwá sọ fún un pé aago ìjókòó méjì ń dún, rìwáyà ò sì rí i ṣe. Àkàngbé ní ìyẹn ò dí mọ́tò lọ́wọ́ kó rìn. Kíkẹ́lọmọ wà lórí òkè, ní ojú fèrèsé. Ó gbọ́ tí aago náà ń dún, tín, tín, tín, títí mọ́tò fi yà ní kọ́nà. Ó ká lulẹ̀ síbẹ̀.

"Mo ti ta àwọn ọmọ mi," ló ń wí. Kò sí ohun tí Ìyá sọ tó wọ̀ ọ́ létí.

Àmọ́ oyún dúró. Oṣù kẹfà, ìkeje, ìkẹjọ. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án pé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan péré. Múyìwá ń jó ní kọ́rídọ̀ ọsibítù, Ìyá dojúbolẹ̀, ó ń dúpẹ́. Wọ́n gbé ọmọ lé Kíkẹ́lọmọ láyà.

"Nọ́ọ̀sì, ó fúyẹ́."

"Ọmọ tuntun ni, màdáámù."

"Rárá. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lára mi."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó tún gbé e sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ó péye, kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n gbé e padà lé e láyà. Kíkẹ́lọmọ ń wò ó, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni fóònù Kíkẹ́lọmọ dún. Àkàngbé ni. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti bímọ.

"Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, méjì lẹ sọ pé ó ń dún, àbí?"

"Méjì ni."

"Ìkẹta ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí o. Ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èmi nìkan ni mo sì wà nínú mọ́tò."

"Aago mélòó ni?"

"Mò ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méje."

Kíkẹ́lọmọ gbé fóònù sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń wo ọmọ. Àkàngbé ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" títí ó fi gé e.

Ó sọ fún Múyìwá. Múyìwá ní wáyà ni. Ó ní, "Kíkẹ́, ọmọ ẹ rè é. Wò ó, ó ń mí." Lóòótọ́ ọmọ ń mí. Ó ń lajú. Kì í sunkún, yálà ebi ń pa á tàbí ìdí rẹ̀ tutù. Ó máa ń mu ọmú fún wákàtí kan, bó bá sì mu tán, ọyàn ìyá rẹ̀ á ṣì kún bámúbámú, kò ní rọ̀ rárá.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Àwọn ẹbí ti Ìjẹ̀bú dé, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Kíkẹ́lọmọ wá, ilé kún. Múyìwá ti kọ orúkọ sínú ìwé fún pásítọ̀. Pásítọ̀ gba ọmọ, ó gbé e sókè, ó la ẹnu.

"Orúkọ ọmọ yìí ni Lucy."

"Rárá," Kíkẹ́lọmọ ní.

"Kíkẹ́," Múyìwá rọra pè é. "Jọ̀ọ́."

"Lucy kò sí níbí. Gbogbo yín ẹ mọ ibi tó wà."

Ìyá Múyìwá dìde. Ó sún mọ́ ọn, ó sì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí àlejò má baà gbọ́. "Ìyàwó mi, ta wá lèyí?"

Kíkẹ́lọmọ wo ọmọ lọ́wọ́ pásítọ̀. Ọmọ náà yí ojú sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, bíi pé òun náà ń retí kó dáhùn. Kíkẹ́lọmọ bú sẹ́kún. Wọn ò rí ọmọ sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ tí wọ́n sè tutù sínú kúlà.

Nọ́ńbà Àkàngbé ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó ti fi ibi iṣẹ́ ní Ìjọra sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Bó bá di Sátidé, Kíkẹ́lọmọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ọ̀yìngbò, á máa yọjú wo àárín gbogbo mọ́tò aláwọ̀ fàdákà tó bá ń kọjá.

Ọmọ ti pé ọdún kan àbọ̀ báyìí. Ó ti ń rìn, kì í ṣàìsàn, ó sì rẹwà. Ìyá Múyìwá ní orúkọ tó ń pè é, Múyìwá náà ní tirẹ̀. Ìyá tó bí i, "Ìwọ" ló ń pè é.