Ogójì Tí Kò Ní Òṣùwọ̀n

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Lará fi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní Highbridge, lókè òkun, lọ́sàn-án, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ ojúewé ayélujára nírọ̀lẹ́, kó tó gbàwé ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó bá a yọ̀. Ó se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fọ abọ́ kan ṣoṣo.

Ojúewé ìjọ wọn niṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ti àtijọ́ ló gbé, tó tún ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì ó dàrú: àkọlé gun orí àwòrán, gbogbo àlàfo pòórá. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn yóò gbé e fẹ́lòmíràn.

Ọjọ́ náà ni ọkùnrin gíga kan wọlé sí gbọ̀ngàn, omi yìnyín ń kán lára kóòtù rẹ̀. Olúsànmí ni, ará àdúgbò Parkchester, olùtọ́jú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ìjọ.

"Arábìnrin Lará, èmi ni mo fà á."

Ó ṣàlàyé. Lará kọ ogójì síbi àlàfo, kò kọ píksẹ́lì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú ẹ̀rọ, tì í. Ojúewé àtijọ́ kò ní ìlà ìkéde lókè, èyí tó ń sọ pé òfin tuntun ni kí wọ́n fi kà á, nítorí náà ni aṣàwákiri tó ń ṣí ojúewé ṣe ń fi píksẹ́lì kún un fúnra rẹ̀. Olúsànmí fi ìlà náà sí i, aṣàwákiri wá ń tẹ̀ lé òfin: iye tí kò ní òṣùwọ̀n, àfi òdo, ó dànù.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹ má dá jẹ ẹ́."

Lará rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ tún un ṣe, Olúsànmí sì lọ bá àwọn àgbà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Lará. Nínú wíwá rẹ̀ sọ́dọ̀ Lará ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìfẹ́ ti gbèrú.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lará fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan nínú yàrá rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a ní Parkchester.

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, mo ní mo fẹ́ bá bàbá yín sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹ dákẹ́. Mo gbà pé ẹ ò fẹ́ ni."

"Olúsànmí! Ẹ wá dà bí aṣàwákiri àtijọ́. Ohun tí mi ò sọ lẹ bá mi fi kún un."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bi mí lóhun tí mo fẹ́. Ẹnu mi wúwo."

"Ó dáa, mo tún bi yín. Ṣé ẹ ó fẹ́ mi, olólùfẹ́?"

"Màá fẹ́ yín. Ẹ nu omijé ojú yín, ẹ má sunkún sí mi lára."

Bàbá Lará wà nílé ní Ìkìrun, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Olúsànmí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.