Ibi Tí Oorun Ti Gbé Mi Lọ

"Wọ́n ní fíìmù yẹn…"

"Èwo nínú wọn?"

"Ti bàbá oníkámẹ́rà. Èyí tí wọ́n ń fi hàn ní gbọ̀ngàn kékeré. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ wò ó… háà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ jàre! Ṣé ó ń pa èèyàn ni?"

"Oorun ni o. Wọ́n ní ọmọ bíbí inú rẹ̀ gan-an… lórí rédíò… pé òun…"

"Ọmọ tó bí? Lórí rédíò?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Onígbàjámọ̀ ló sọ fún ọkọ mi."

Ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì ni àwọn obìnrin méjèèjì dúró sí. Ọ̀kan gbé búrẹ́dì dání, èkejì ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, wọn ò sì mọ̀ pé èmi ni ọmọ náà. Mo fa fìlà mi wálẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tí mo ń dúró dè dé, mo jẹ́ kó lọ, nítorí àwọn náà wọ̀ ọ́.

Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi ṣe fíìmù náà. Kámẹ́rà títúnṣe ni iṣẹ́ tó fi ń bọ́ wa, yàrá iwájú ilé wa ló sì ti ń ṣe é, níbi tí kámẹ́rà tí kò ríran mọ́ ti pọ̀ ju àga lọ. Ìyá mi, tó jẹ́ télọ̀, ló rán gbogbo aṣọ tí àwọn òṣèré wọ̀, òun náà ló sì ṣe ìyàwó alágbàfọ̀ inú fíìmù náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń to àwòrán pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ń gbá pátákó níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, tí mò ń ní, "Ó yá!" Ohùn mi máa ń kéré débi pé bàbá mi á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òṣèré lò ń pè ni àbí àdúrà lò ń gbà?"

Ìtàn alágbàfọ̀ kan tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni. Lọ́jọ́ kan, ó rí lẹ́tà nínú àpò ẹ̀wù ọkùnrin kan tó ti kú. Ó kà á fún ìyàwó tirẹ̀ láàárín àwọn aṣọ funfun tí wọ́n sá, ó sì gbéra ìrìn àjò láti lọ wá ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi ka lẹ́tà náà. Kò sí ìlù, kò sí orin níbẹ̀. Atẹ́gùn, aṣọ àti ohùn ọkùnrin náà nìkan ni.

Nílùú wa, ẹni tó bá ṣe fíìmù, ọ̀dọ̀ Alága ló ń gbé e lọ. Alága ló ni rédíò. Òun ló ni tẹlifíṣàn. Òun ló ni ìwé ìròyìn, òun náà ló sì ni gbọ̀ngàn sinimá méjèèjì, ńlá àti kékeré. Ìyá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá bímọ tí Alága kò tíì kéde rẹ̀, kí onítọ̀hún ṣì fi ọmọ náà pamọ́ ná.

Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni Alága ti wo fíìmù bàbá mi. Nígbà tí wọ́n dé ibi lẹ́tà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ gba fíìmù náà pátápátá, pé orúkọ ilé iṣẹ́ òun ni yóò wà lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn bá mi fi hàn ni," ni bàbá mi wí. "Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kò burú," ni Alága wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e wá."

Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn kékeré, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ta ló ń lọ sinimá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé? Òṣìṣẹ́ ti wà níbi iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ti wà ní kíláàsì. Ìwé ìròyìn kò kọ nǹkan kan. Rédíò kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni fíìmù tí ilé iṣẹ́ Alága ṣe jáde ní gbọ̀ngàn ńlá. Orin rẹ̀ ń dún lórí rédíò ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, débi pé ọmọ kékeré ilé kejì wa ti mọ̀ ọ́n kọ kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Rédíò yẹn ni èmi náà ń lọ. Wọ́n ní ètò àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwa márùn-ún ni wọ́n sì ń dán wò. Ẹnì kan ni wọ́n máa mú ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ á sì rán onítọ̀hún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Èmi kò ní ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà débẹ̀, gbogbo ilé wa ló mọ̀. Èmi tí n kì í lè kí àlejò kó gbọ́, bí mo bá ti wọ yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, tí iná pupa tàn, ẹnu mi á là.

Obìnrin tó ń darí ètò náà, Àǹtí Olóòtú là ń pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ìjáde fíìmù wa, ó ní, "Fíìmù bàbá rẹ la máa sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Àbí inú rẹ ò dùn?"

Inú mi dùn gan-an. Ó bi mí láti ẹ̀yìn gíláàsì yàrá ìgbohùnsílẹ̀ pé, "Nígbà tí o ń wo fíìmù bàbá rẹ, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?" Mo dá a lóhùn. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo sọ, mi ò sì kólòlò. Ó na àtàǹpàkò sókè sí mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi gbé rédíò sójú fèrèsé kí àwọn ará àdúgbò lè bá wa gbọ́ ọ. Ó ti pe gbogbo wọn, títí kan onígbàjámọ̀ tí kì í fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn Àǹtí Olóòtú jáde: "Nígbà tí o ń wo fíìmù bàbá rẹ, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Ohùn mi dáhùn: "Mo sùn lọ."

Ẹ̀rín bú jáde nínú rédíò, ẹ̀rín tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orin fíìmù Alága ló tẹ̀ lé e.

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ mi níwájú, wọ́n gé e lẹ́yìn, ìwọ̀nba tó wù wọ́n ní àárín ni wọ́n mú. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá mi wò mí. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n pariwo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó pa rédíò. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará ilé," ló sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Àǹtí Olóòtú.

"Mà, ẹ gé ọ̀rọ̀ mi."

"Ọ̀rọ̀ ta ni a kì í gé? Àkókò kékeré la ní." Kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ èyí tó kù."

Ìgbà náà ló wá wò mí. "Gbọ́, ọmọ dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì yìí la máa mú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ ló sì wà lókè. Ta ló ń bá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ jà? Bí bàbá rẹ bá wá pariwo lẹ́nu géètì wa, mi ò ní lè gbèjà rẹ mọ́. Dákẹ́ ẹnu rẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ta ló máa rántí?"

Mo dákẹ́ ẹnu mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi pè mí sí yàrá iwájú. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ìwé pélébé kan àti bírò ló mú dání.

"Mi ò bínú sí ọ," ló wí. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yìn mí lásán, ìwọ lo sọ bó ṣe rí. Ibo gan-an ni oorun ti gbé ọ lọ? Kí n lè tún un ṣe."

Bí mo bá sọ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ mi, bàtà ló máa wọ̀, ó di géètì rédíò, ilé ẹ̀kọ́ gíga mi sì di àwátì. Mo wá ibi tó gùn, tó pa rọ́rọ́, tí èèyàn lè gbà gbọ́ pé ọmọdé sùn níbẹ̀.

"Ibi tí alágbàfọ̀ ti ń ka lẹ́tà."

Bírò rẹ̀ dúró. "Ibi lẹ́tà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó… ó pẹ́ jù."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yarí. "Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yìí! Ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ lù mí, ṣé ẹ gbọ́, ẹ lù mí, mi ò gé e!"

"Ta ló fẹ́ lù ọ́?" ni bàbá mi wí. "Irú àwọn ọmọ yìí la ṣe é fún. Bí wọ́n bá ń sùn, àwa la jẹ̀bi. Gé e."

Ìyá mi ń ránṣọ ní igun yàrá. Ibi lẹ́tà yẹn ló ti ṣeré jù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì yẹn ní ìdíkọ̀. Ká ní mo sáré padà sílé nígbà náà, ǹ bá bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí kọ̀ǹpútà, kò tíì gbé ẹ̀dà tuntun lọ sí gbọ̀ngàn. Mi ò sáré. Mo dúró de bọ́ọ̀sì mìíràn.

Ẹni mọ́kàndínlógún ló wá ní Ọjọ́rú. Wọn ò sùn, wọ́n dìde ni. Alágbàfọ̀ ń fún aṣọ lọ́wọ́, ká tó ṣẹ́jú, ó ti wà nínú rélùwéè. "Ibo ló ń lọ?" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣé ó jí aṣọ wọn gbé ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jáde lọ ní méjì méjì. Bàbá mi dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń kí wọn pé wọ́n ṣeun, wọ́n kú ìrìn. Ohun tí rédíò fi irọ́ sọ, pé fíìmù náà kò dára, ti wá di òótọ́, èmi ni mo bá a sọ ọ́ di òótọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ya pósítà bàbá mi kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn. Ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni wọ́n mú mi ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi pé kí n kà ni orúkọ àwọn fíìmù ọ̀sẹ̀ náà. Ti bàbá mi kò sí níbẹ̀. Mo kà á, ohùn mi ò sì gbọ̀n.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bàbá mi buwọ́ lu ìwé Alága. Gbọ̀ngàn méjì ló wà, ẹnì kan ló ni wọ́n. Ibo ni ì bá tún gbé e lọ? Ohun àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Alága ṣe ni pé wọ́n dá ibi lẹ́tà padà. Lẹ́yìn náà ni rédíò wá lanu. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn gbé e sí. Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti fi hàn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé sì gùn dé iwájú ilé ìtajà oògùn. Fíìmù kan náà ni: ìyá mi kan náà, aṣọ kan náà, atẹ́gùn kan náà. Orúkọ Alága ló wà lójú rẹ̀. Orúkọ bàbá mi ń kọjá ní ìparí, láàárín àwọn tó gbé iná, nígbà tí àwọn èèyàn ti dìde tí wọ́n ń wá bàtà wọn. Onígbàjámọ̀ ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti wò ó. Èmi ni mò ń ka ìpolówó rẹ̀: "Fíìmù tó ń pa gbogbo ìlú lẹ́kún!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé fíìmù tó bá dára, ó máa tà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ẹnu tó ń kéde, tó tún ni ilẹ̀kùn tí à ń gbà wọlé, òun ló ń yan èyí tó máa tà. Bàbá mi kò lè yí ìyẹn padà, èmi náà kò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n kò sí máíkì Alága nínú yàrá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹnu tó parọ́ níbẹ̀, ẹnu mi ni. Bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ yín, ẹ tètè sọ èyí tó kù fún àwọn èèyàn yín, kó tó di pé kò wúlò mọ́.

Tèmi ti pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wọlé tọ bàbá mi. Ó ń tú kámẹ́rà oníkámẹ́rà, kò gbójú sókè. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé ó máa lé mi jáde, kò lé mi. Ó ní kò sí ohun tó kù tí a lè ṣe, òun ti buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn náà ló gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn gan-an? Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Mo dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀.

"Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti wo fíìmù bàbá mi. Ìgbà mẹ́wàá ni mo sunkún níbi tí alágbàfọ̀ ti ń ka lẹ́tà. Ní ìgbà kọkànlá, ó ti rẹ̀ mí, mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, ibi lẹ́tà la wà, mo sì tún sunkún."